Ilẹ̀kùn Tó Kọjú Sí Títì

Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa ná. Orúnkún tó ti tẹ ìjánu ọkọ̀ fún ogójì ọdún kì í fẹ́ kánjúkánjú mọ́.

Ọkọ̀ kan wà lábẹ́ igi kajú lẹ́yìn ilé mi ní Manigri. Kò ní ẹsẹ̀ mọ́, òkúta mẹ́rin ló jókòó lé. Àwọn adìyẹ ló ni ín báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa gun orí rẹ̀, wọn a máa fẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Bí àlejò bá sì yà sẹ́yìnkùlé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: kí ló dé tí ilẹ̀kùn ńlá ọkọ̀ yìí fi wọ́, tí àpá irin jíjó sì wà lápá òsì rẹ̀ bí àpá iṣẹ́ abẹ? Ìtàn àpá yẹn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ọkọ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú wa ṣì ń jẹ́ Dahomey nígbà tí mo di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ Anii láti Bassila ni ọ̀gá mi, àmọ́ ó ń sọ èdè Manigri bí ẹni pé ìyá ìyá mi ló tọ́ ọ dàgbà. Iṣu là ń kó. A ó kó o gba Pira, a ó gba Bantè, a ó gba Savalou, a ó já sí Ìdáàṣà, ká tó dojú kọ Kútọnu. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà tiwa nígbà náà. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bò wá débi tí ìyá ẹni kò ní í dá ẹni mọ̀. Bí òjò bá dé, ọkọ̀ á rì, a ó sọ iṣu kalẹ̀, a ó ti ọkọ̀, a ó tún iṣu dì. Mo ti sun ojú ọ̀nà yẹn ju bí mo ti sun ilé bàbá mi lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí iṣu á gbówó lórí ní Èkó, ọ̀gá mi á sì ní kí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò. A ó gba Àjàṣẹ́, a ó gba Ìgólò, a ó kan ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀ kan náà lè ní òfin méjì. Lọ́dọ̀ wa, apá ọ̀tún là ń tọ̀, bí Faransé ti kọ́ wa. Lọ́dọ̀ wọn, apá òsì ni, bí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wọn. Ọ̀gá mi á dúró lẹ́nubodè, á ṣí fìlà, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀, á ní, "Òsì o! Òsì o!" Lẹ́yìn náà la ó tó wọlé. Èmi á wà lókè lórí iṣu, nítorí pé apá òsì ni fọ̀láàn ọkọ̀ wa wà, èyí tí ará Nàìjíríà ń pè ní sítíárìn. Lójú ọ̀nà tiwọn, ẹni tó bá jókòó sápá òsì kò lè rí ohun tó ń bọ̀ bí ọkọ̀ ńlá bá wà níwájú rẹ̀. Èmi ni ojú rẹ̀. Bí mo bá lu òrùlé lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ. Bí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀méjì, kó sá padà.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, lọ́jọ́ Àìkú, Nàìjíríà kó gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ wá sí apá ọ̀tún. Ghana ṣe tiwọn lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1974. Nígbà tí a tún padà dé Ìdí-Ìrókò, ọ̀gá mi kò ṣí fìlà mọ́, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kí a tó jìnnà, ó nawọ́ sí bọ́ọ̀sì kan tó dúró, tí àwọn èrò ń bọ́ sílẹ̀ láti apá òsì rẹ̀, wọ́n ń sá fún ọkọ̀ láàárín títì. Ó ní, "Wò ó, wọ́n yí ọ̀nà, wọn ò yí ilẹ̀kùn." Mo rẹ́rìn-ín. N kò tíì pé ogún ọdún, gbogbo nǹkan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ Ààrẹ Kérékou lọ́dún 1975, mo ti ń wakọ̀ fúnra mi. 404 bâchée ni mo kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà 504. Ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn 504 o, nítorí pé ilẹ̀ yóò ṣú. Lọ́dún 1975 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot jọ ní Kaduna, àwa awakọ̀ a sì máa jiyàn nínú gárèèjì Djougou lórí èyí tó le jù, ti Kaduna ni àbí ti Faransé. Èmi ò tíì rí ọkọ̀ tó mọ ihò ojú ọ̀nà bí 504. Á wọ inú ihò, á jáde, èrò ẹ̀yìn á máa sùn lọ.

Ní àwọn ọdún yẹn, ọkọ̀ àlòkù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa lókè yìí. Inú aṣálẹ̀ ló ń gbà wá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ló ń mú un wá, ọmọ Jámánì, ọmọ Faransé, akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn á ra 504 tàbí Mercedes àlòkù nílùú wọn, wọn á wà á gba Àlìjíríà dé Tamanrasset, wọn á la iyanrìn já sí Arlit àti Agadez, wọn á tà á ní Niamey, ní Lomé tàbí ní Kútọnu. Owó rẹ̀ ni wọ́n á fi wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé, èyí tó kù á di owó ilé ẹ̀kọ́.

Mo bá méjì nínú wọn pàdé ní Djougou. Eruku ti sọ irùngbọ̀n wọn di pupa bí ẹni tó kun osùn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Jámánì, èdè Faransé rẹ̀ kò sàn ju tèmi lọ, nítorí náà a gbọ́ ara wa yé. Lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, lára páálí irin tí nọ́ńbà wà, bébà kékeré roboto kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní àwọ̀, àwọn nọ́ńbà sì yí i ká bí ojú aago. Mo bi í pé kí ni èyí. Ó ní nọ́ńbà àárín ni ọdún, nọ́ńbà tó bá wà lókè pátápátá ni oṣù. Bí oṣù yẹn bá pé, òfin Jámánì ní kí o gbé ọkọ̀ rẹ lọ fún àyẹ̀wò: ìjánu rẹ̀, iná rẹ̀, ìpẹtà abẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Bí kò bá yege ńkọ́?" Ó ní kí o tún un ṣe. Mo ní, "Bí owó àtúnṣe bá ju owó ọkọ̀ lọ ńkọ́?" Kò dáhùn. Ó fi ìka gba ọ̀fun ara rẹ̀ kọjá, ó wá na ìka kan náà sílẹ̀, sí ibi tí a dúró sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ bébà roboto náà kà. N kì í kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì. Mo ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo ń ka ọjọ́ tí òfin ìlú rẹ̀ dá fún un. Bí wọ́n bá ti yọ bébà náà kúrò, mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí n kà á nìyẹn.

Ọ̀nà aṣálẹ̀ kú nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Àlìjíríà, tí àwọn Tuareg náà sì gbé ìbọn ní òkè Nìjẹ̀r, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n nígbà náà, òkun ti ṣí. Àpéjọ gbogbo ìlú ti wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, òwò ti di ti ẹni tó bá lè ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1992, Faransé náà wá pa á láṣẹ pé ọkọ̀ tó bá ti dàgbà gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò láti ìgbà dé ìgbà. Òfin ààbò tó dára ni. Ẹ̀mí àwọn ọmọ wọn ni wọ́n fi ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá ilé rẹ̀ mọ́, pàǹtí rẹ̀ ń lọ síbì kan.

Ohun tó wá ti gbogbo wa sẹ́yìn ọkọ̀ àlòkù ni ti oṣù kìíní ọdún 1994. A sùn, a jí, owó sẹ́ẹ̀fà ti di ìdajì. Àádọ́ta sẹ́ẹ̀fà tó ń ra fàráǹkì Faransé kan lánàá, ọgọ́rùn-ún ló di. Mo ti ń kó owó jọ fún ọkọ̀ tuntun láti ọdún mẹ́fà. Mo ka owó náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iye rẹ̀ pé, àmọ́ ọkọ̀ ti lọ. Ìyàwó mi ní kí n dákẹ́ kíkà á, pé kíkà kò ní í bí owó.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń lọ sí Kútọnu lọ wo ọkọ̀. Ẹni tí kò bá rí ibẹ̀ ní ìgbà náà, a kò lè fẹnu ròyìn rẹ̀ fún un. Ọkọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn oníṣòwò Lẹ́bánónì sì ní ọ̀nà kan ní Brussels, Heyvaert lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń rà wọ́n jọ. Àwa ń pè wọ́n ní venu de France, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì ni ọ̀pọ̀ ti wá. Ará Nàìjíríà ń pè wọ́n ní tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń sọ ní Tòkunbọ̀, ọmọ ọwọ́. Àwọn wọ̀nyí, baba arúgbó ni wọ́n gbé wá, tí wọ́n sọ lórúkọ ìkókó. Àwọn kan ṣì gbé nọ́ńbà Jámánì tí etí ọ̀tún rẹ̀ pupa, ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kúrò lórí títì wọn wà nínú pupa náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò wá fún wa. Nàìjíríà ni wọ́n ń lọ, tàbí Nìjẹ̀r. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni tiwa.

Lọ́dún 1997 ni mo ra ọkọ̀ abẹ́ igi kajú yẹn. Ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá ni, a máa ń kó ogún. Japan ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí wọ́n ń tọ apá òsì bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan ti gbé fọ̀láàn rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún wá sósì kí ó tó dé ọwọ́ mi, wọ́n sì ṣe é mọ́. Mo wo abẹ́ rẹ̀, kò dípẹtà. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń dún bí ẹni tó yó. Ọgbọ́n mi ti pọ̀, mo rò bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n wo ìjánu, wọ́n wo iná bóyá ó ń tàn, wọ́n wo ìwé, wọ́n fún mi ní tèmi. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ilẹ̀kùn wà, èmi náà kò béèrè.

Apá òsì ni ilẹ̀kùn èrò wà. Ní Japan, apá òsì ni ẹ̀bá ọ̀nà, ibẹ̀ ni èrò ń bọ́ sí. Lọ́dọ̀ wa, apá òsì ni àárín títì.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sọ èrò sáàárín títì láàárín Manigri àti Bassila. Mo máa ń kígbe pé, "Ẹ wo ẹ̀yìn o!" kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Mo rò pé igbe yẹn tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, nígbà ọyẹ́, ìyá kan fẹ́ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igbá òrí lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Mo kígbe. Ó wo ẹ̀yìn. Ọyẹ́ ni ó rí, funfun báláú. Ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí ìhà Burkina yọ láti inú ọyẹ́ náà, dígí etí rẹ̀ gbá igbá òrí dànù. Ìyá náà ṣubú lé ọwọ́, ọwọ́ náà sì kán. Alihamudulilai, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò farapa. Òrí ta sí gbogbo ara ọkọ̀ mi.

Nígbà tí a gbé e jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, kò sunkún. Ó wo ọkọ̀, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí gbàù sójú títì, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sọ̀ wá kalẹ̀ ni, àbí ẹ̀ ń sọ wá nù?"

Ohùn ọ̀gá mi padà sí mi létí. Wọ́n yí ọ̀nà, wọn ò yí ilẹ̀kùn. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló gbà kí ọ̀rọ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín ní Ìdí-Ìrókò tó yé mi.

Mo san owó ọwọ́ ìyá náà. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá ajórin kan ní Bassila, mo ní kó gé ilẹ̀kùn sápá ọ̀tún, kó sì dí ti òsì pa. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi jó irin. Ọ̀nà tí ilẹ̀kùn òsì ń fà lé kò sí lọ́tùn-ún, ó ní láti rọ ọ́. Nígbà tó parí, ilẹ̀kùn náà wọ́ bí ẹnu arúgbó, afẹ́fẹ́ ń súfèé níbẹ̀, òjò ń gbabẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n èrò ń bọ́ sórí koríko. Ajórin yẹn náà ló sọ ti iná fún mi. Ó ní iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà òsì máa ń gbé ojú sókè díẹ̀ sápá òsì, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ. Gbogbo àwọn tó ń bú mi lóru láti Djougou dé Savalou, mo ti rò pé aláìníwà ni wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó wálé, ó fọwọ́ pa àpá irin yẹn, ó sì sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó ní láti ọdún 1988 ni òfin kan ti wà níbẹ̀: ọkọ̀ tí wọn ò bá ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ààbò Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ wọlé láti gbé ibẹ̀, àfi bí oníṣòwò tí ìjọba fọwọ́ sí bá gbà láti tún un ṣe. Ẹni yẹn á fi ohun ìdúró sílẹ̀, ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí aṣọ́bodè ka ọkọ̀ náà sí. Ọgọ́fà ọjọ́ ni wọ́n fún un. Bí kò bá ṣe é tán, kó gbé ọkọ̀ náà jáde kúrò nílùú wọn tàbí kó fi í sílẹ̀ fún ìjọba. Ó ní àwọn Mercedes tí Jámánì ṣe fún ara wọn gan-an, Amẹ́ríkà a máa ní kí wọ́n tú ilẹ̀kùn wọn, kí wọ́n ki irin sínú rẹ̀, kó lè gba ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́. Mo ní, "Kò sí ọ̀nà mìíràn?" Ó ní ó wà: bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ìlànà yẹn kò kàn án mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Lọ́dọ̀ wọn, àgbà tó ti gbó ni kò nílò ìwé. Lọ́dọ̀ wa, kí ó tó gbó pátápátá ni òfin ìlú rẹ̀ ti lé e wá. Ó rí i pé n kò bínú, ó ní, "Bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ilẹ̀kùn." Òótọ́ ni. Ẹnì kan jókòó, ó ronú nípa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀ àlòkù o. Inú rẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ márùn-ún ti jáde, inú rẹ̀ ni òrùlé páànù mi ti jáde. Bí wọ́n bá ní kí ó má wọlé mọ́ lónìí, ẹsẹ̀ ni ìyá oníṣu yóò fi rìn dé Bassila. Ohun tó ń dùn mí ni pé orílẹ̀-èdè tó sọ pé ọkọ̀ kan kò yẹ fún títì òun ló tún fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ sí títì ẹlòmíràn, àwọn tiwa náà sì gba owó ibodè lórí rẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka iye rẹ̀ lọ́dún 2020, wọ́n ní ọkọ̀ kékeré àlòkù mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ló rìn láti ìlú dé ìlú láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó tóbi jù. Họ́láǹdì náà gbé àbọ̀ àyẹ̀wò àwọn tó ń ti èbúté wọn bọ̀ jáde lọ́dún kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ ni ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sì ti kú kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo gbọ́ èyí, mo rántí ìka ọmọ Jámánì yẹn ní ọ̀fun rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2020 yẹn, àwọn mínísítà ECOWAS jókòó ní Ouagadougou, wọ́n fẹnu kò sí i pé ọkọ̀ kékeré tó bá ń wọlé kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ, ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá, kí èéfín wọn sì dé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Euro 4. Ó dára. Kí àwọn ọmọ mí afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ṣùgbọ́n mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ọlọ́dún márùn-ún náà, kajú gbogbo oko mi kò lè rà á.

Kútọnu ti yí padà. Nàìjíríà ní láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi orí omi. Lọ́dún 2019, ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti ibodè pátápátá títí di oṣù kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo lọ síbẹ̀ láàárín ìgbà náà. Koríko ń hù láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn wọn wà níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ wọn bi mí pé, "Bàbá, èwo lẹ fẹ́?" Mo ní mo kàn ń wo ọjọ́ orí wọn ni. Ó rò pé mo ti ń ṣarán.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ra irin gbígbó wá sí Manigri. Ó fẹ́ fi ìwọ̀n ra ọkọ̀ mi. Ó yí i ká, ó fa ilẹ̀kùn ọ̀tún, ilẹ̀kùn náà kò mira. Ó yí sí apá òsì, ó fi ọwọ́ wá etí ilẹ̀kùn lára àpá irin títí.

Ó ní, "Bàbá, ibo ni wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀ yìí?"

Mo ní kó gba ojú fèrèsé, kó sì rọra, adìyẹ kan ń sàba lórí ìjókòó iwájú.